Kí ló dé tí ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fi lè fọ́ lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́sibítù?

Oṣù méje ni wọ́n bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń mu ọyàn dáadáa, wọ́n sì ti ní ká máa lọ sílé. Kí ló dé tí nọ́ọ̀sì tún ní ká gbé e wá fún àyẹ̀wò ojú, nígbà tí ojú ọmọ ń dán gbinrin?

Ibi tí àrùn yìí ń bà jẹ́ kò hàn lóde ni. ROP (retinopathy of prematurity) ni wọ́n ń pè é, àrùn ojú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ẹ̀yìn inú ẹyinjú ni rẹ́tínà wà, awọ tín-ín-rín tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 inú oyún ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń tàn ká orí rẹ̀, láti àárín lọ sí etí, kì í sì í tàn dé etí tán títí oyún yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ 28, iṣan ojú rẹ̀ kò tíì débì kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Nígbà tí funfun bá fi máa hàn nínú ọmọlójú, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ọ́síjìn ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣé òun náà ló tún lè fọ́ ọ lójú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì rú àwọn dókítà fúnra wọn lójú fún ọdún púpọ̀. Theodore Terry, dókítà ojú, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa àrùn náà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ní 1942. Kó tó di àárín àwọn ọdún 1950, ọmọ bí 10,000 ti fọ́jú, pàápàá ní àwọn ìlú olówó tí ìnkúbétọ̀ wọn, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí, dára. Stevie Wonder, olórin tí wọ́n bí ní Michigan ní 1950 láìpé oṣù, wà lára wọn. Ní 1951, Kate Campbell, dókítà ọmọdé ní Melbourne, tọ́ka sí ọ́síjìn.

Tí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ á dúró, kò ní dàgbà mọ́. Rẹ́tínà ní tirẹ̀ ń dàgbà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó o mọ́, ó wá ń ránṣẹ́ pé kí iṣan tuntun hù. Ségesège ni wọ́n máa ń hù, wọ́n á máa ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì máa fa awọ náà títí á fi ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí ní kí wọ́n yọ ọ́síjìn o. Wọ́n dín in kù gan-an lẹ́yìn náà, ikú ọmọ sì pọ̀ sí i. Kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Ó ń fi bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù sì máa ń fẹ́ kó wà láàárín 90 sí 95 nínú 100. Ẹ̀rọ mìíràn tún wà tó ń po ọ́síjìn pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lásán. Níbi tí kò bá ti sí ìyẹn, ògidì ọ́síjìn ni sìlíńdà ń tú jáde, bẹ́ẹ̀ 21 nínú 100 péré ló wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí.

Ṣé kì í ṣe àrùn àwọn òyìnbó ni?

Ó ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí ọmọ oṣù mẹ́fà kì í ti í yè, ROP kò rí ẹni mú. Níbi tí ìnkúbétọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ ìwọ̀n kò tó, ibẹ̀ ló ti ń ṣọṣẹ́. Ìṣirò kan fi hàn pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí kárí ayé ní 2010, bí 20,000 ni ROP sọ di afọ́jú tàbí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí ní ìlú olówó. Kódà ọmọ tó tóbi díẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀: ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí kò ju 1,500 gíráàmù lọ ni wọ́n sábà máa ń wò, ní Íńdíà, wọ́n ń wo ọmọ tí kò tó 2,000. Lójú tèmi, ti Íńdíà ló sún mọ́ ìṣòro wa.

Kí ló dé tí wọn ò wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n bí i?

Kò tíì sí ohun tí wọ́n máa rí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ìbí ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti lọ sílé. Ẹ má dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí ọjọ́ náà wà lórí káàdì, kí ìyá àgbà náà sì gbọ́ ọ, torí òun ló máa ń sọ pé ọmọ ṣì kéré láti gbé jáde.

Tí wọ́n bá rí i ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í nílò ìtọ́jú, wọ́n kàn á máa padà wá fún àyẹ̀wò ni. Èyí tó bá le, lésà (ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n fi ń tọ́jú ojú) tàbí abẹ́rẹ́ inú ẹyinjú ni, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Dókítà tó mọ̀ ọ́n wò kò pọ̀ ńkọ́?

Ní Karnataka, ní Íńdíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2008 tí wọ́n ń pè ní KIDROP. Àwọn tí kì í ṣe dókítà ni wọ́n kọ́ ní yíya fọ́tò inú ojú. Wọ́n ń gbé kámẹ́rà lọ sí ọsibítù ìgbèríko, dókítà á sì wo àwòrán náà láti ọ̀nà jíjìn.