Ọdẹ Délé, Ẹran Náà Délé: Ibi Tí Yíya Fọ́tò Ẹran Ìgbẹ́ Ti Ṣẹ̀

Bí ọdẹ òru bá wọ igbó lẹ́yìn odò Ògùn, àtùpà ló máa ń dè mọ́ iwájú orí. Iná yẹn ló fi ń wá ojú ẹran. Ẹtu tó bá gbójú sókè wò ó, ojú rẹ̀ á tàn bí ẹ̀yinná méjì nínú òkùnkùn, kò sì ní lè ṣí ẹsẹ̀. Àárín ojú méjèèjì yẹn ni ọdẹ ń yìnbọn sí. Iṣẹ́ tí bàbá mi àgbà ṣe títí ogbó fi dé nìyẹn. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń rí ẹran nínú igbó dúdú, wọ́n á ní, "Ẹran ti rí mi kí n tó rí i. Ṣe ni mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò wá a wá."

Kámẹ́rà ni èmi ń gbé wọ igbó yẹn báyìí. Ọjọ́ tí mo kà á pé irú iná ọdẹ bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́tò ẹran ìgbẹ́ ti ṣẹ̀, ara mi bù máṣọ. Ọdẹ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọdẹ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Shiras. Ọdún 1859 ni wọ́n bí i ní Pennsylvania, ọdún kan náà tí Ìwé Ìròhìn kọ́kọ́ jáde ní Abẹ́òkúta níbí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí Daguerre, ará Faransé, gbé ọ̀nà tó ń gbà ya àwòrán síta fún gbogbo ayé ní 1839, Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀ ò ju ọmọ ọdún 9 lọ. Láyé ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yà gbọ́dọ̀ jókòó láìmira, wọ́n á fi irin gbé e lọ́rùn láti ẹ̀yìn kí orí má bàa mì. Ẹran wo ló máa jókòó bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn ẹran tí wọ́n kọ́kọ́ yà wà lẹ́yìn irin, tàbí kí wọ́n máa sùn, tàbí kí wọ́n ti kú. Ní 1852, wọ́n ya erinmi kan tó nà gbalaja lẹ́bàá omi nínú ọgbà ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn mìíràn a gbé òkú ẹran tí wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ nínú sáàárín igi, wọ́n á ní ìgbẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ti òkú ẹran yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ní 1878, ayàfọ́tò kan tó ń jẹ́ Muybridge to kámẹ́rà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ẹṣin kan ní California, ó sì fi hàn pé ẹṣin tó ń sáré a máa gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1882, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Faransé, Marey, ṣe kámẹ́rà kan tó rí bí ìbọn gẹ́lẹ́, tó ní ìdí tí wọ́n ń gbé lé èjìká àti ohun tí ìka ń fà. Ẹyẹ tó ń fò ló máa ń nà án sí, ẹ̀rọ náà á sì ya àwòrán 12 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹyẹ náà á bá tirẹ̀ lọ.

Shiras ló wá mú un wọ inú igbó. Lọ́yà ni, ọmọ adájọ́ ni, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ àgbọ̀nrín lóru lórí adágún kan ní Michigan. Iná á wà níwájú ọkọ̀. Ẹnì kan á máa rọra wakọ̀ láìjẹ́ kí àjẹ̀ ta omi, ẹnì kejì á di ìbọn mú. Àgbọ̀nrín tó wá mumi á gbójú sókè wo iná, bí ẹtu tiwa ṣe máa ń wò ó. Nígbà tó di nǹkan bí 1889, Shiras gbé kámẹ́rà sí ipò ìbọn. Ó wá ń lo ẹ̀tù magnesium, èyí tó máa ń bú gbàù, tó sì ń kọ yẹ̀rì bí mànàmáná. Bó bá ti kọ báyìí, àgbọ̀nrín á ta kìjí, á já wọgbó, tòun ti ẹ̀mí rẹ̀. Ọdẹ délé, ẹran náà délé. Mi ò mọ ohun tí ẹlòmíràn ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ní tèmi, òru yẹn ni.

Kò tán síbẹ̀. Ó tún máa ń ta okùn sójú ọ̀nà tí ẹran ń gbà. Ẹran tó bá kan okùn ni yóò ya ara rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ẹni tó bá ti dẹ tàkúté rí á mọ ohun tí ọkùnrin yìí rí: tàkúté ni, ó kàn jẹ́ pé kò ní eyín. Kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi nínú igbó lónìí, tó ń mọ ìgbà tí ẹran ń kọjá nípa ooru ara rẹ̀, ọmọ-ọmọ okùn yẹn ni.

Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú fọ́tò rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí méjì nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí ìwé náà débi pé wọ́n fipò sílẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti sọ ọ́ di ìwé àwòrán. Àwọn tó ń kà á ní tiwọn fẹ́ ẹ gan-an. Shiras tún ti wọ ilé aṣòfin ní 1903, ó sì gbé àbá kalẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé kí ìjọba àpapọ̀ máa dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri. Àbá náà ò di òfin nígbà yẹn, àmọ́ òun ni àwọn tó ṣe òfin ẹyẹ ti 1913 àti 1918 tẹ̀ lé.

Mi ò ní ká sọ ọ́ di òrìṣà o. Mànàmáná tó ń bú mọ́ ẹran lójú lóru, ìpayà ló ń kó bá a, ẹni tó bá sì ṣe é báyìí á gbọ́ èébú lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Carl Georg Schillings, ará Jámánì, gbé irú mànàmáná yìí lọ sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Fọ́tò tó mú bọ̀ ní 1905 ya Yúróòpù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹran ọ̀sìn ló ń so mọ́lẹ̀ láàyè kí kìnnìún wá pa á níwájú kámẹ́rà, ìbọn rẹ̀ náà ò sì sinmi. Ìgboyà wà níbẹ̀, mi ò rí ọ̀wọ̀ níbẹ̀.

Àwọn tí mo kà sí olùkọ́ ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti Cherry Kearton, ọmọ àgbẹ̀ láti Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1892, wọ́n ya ìtẹ́ ẹyẹ kan pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀, láti ìgbà yẹn sì ni wọn ò ti sinmi. Wọ́n ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá òkè gíga létí òkun. Ẹnì kan á gun èjìká ẹnì kejì kí kámẹ́rà lè dé orí igi. Wàhálà wọn ni pé ẹyẹ ń rí wọn. Ní nǹkan bí 1900, wọ́n mú awọ màlúù, wọ́n fi igi ṣe egungun sí i nínú, ọ̀kan nínú wọn á sì wọ inú rẹ̀ lọ tòun ti kámẹ́rà, á wá máa ti inú ihò kékeré wòta. Bí eégún nínú agọ̀ ló ṣe rí. Ó gbóná níbẹ̀, ó ń sú ni, ìdúró rẹ̀ ò rọrùn. Ṣùgbọ́n màlúù ni ẹyẹ ń rí, ẹyẹ ò sì bẹ̀rù màlúù. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn tó wà nílé wọn kọ́kọ́ rí bí ìyá ẹyẹ ṣe ń ṣe lórí ọmọ nígbà tó rò pé kò sí ojú tó ń wo òun.

Ọdẹ ilẹ̀ wa mọ èyí tipẹ́. Òun ló ń so ègùn sórí igi, tó ń fi ewé bo ibùba. Bàbá mi àgbà máa ń bu iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, wọ́n á dà á sílẹ̀ láti ọwọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kí òórùn wọn má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹran ṣáájú wọn. Wọn kì í sì í yìnbọn sí abo tó ní ọmọ lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa bọ̀wọ̀ fún ẹran ìgbẹ́, mi ò ní gbà fún un.

Lẹ́yìn àwọn Kearton ni Eric Hosking dé, ẹni tó fi ẹyẹ ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Ní 1937, ó ń lọ síbi tó ti ń ya òwìwí kan lóru ní Wales. Ìyá òwìwí já lù ú nínú òkùnkùn, ó sì fi èékánná gún un lójú. Ojú òsì rẹ̀ lọ. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ní àdúgbò wa, tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa ní àjẹ́ ni, wọ́n á sì lọ sọ òkò pa ẹyẹ náà. Hosking padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ya òwìwí lọ títí, torí ó mọ̀ pé abiyamọ ló pàdé.

Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ náà ṣe ń gbajúmọ̀, ìpalára ń pọ̀. Ìtẹ́ ẹyẹ kì í wà lójú pópó, inú ewé ló máa ń wà, ewé sì ń dí kámẹ́rà lọ́wọ́. Èmi náà ti jẹ̀bi èyí. Àdàbà kan yé ẹyin méjì sórí igi ọsàn lẹ́yìn ilé wa. Mo fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ dé ibẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo gé ẹ̀ka mẹ́ta. Fọ́tò náà dára. Ìyẹ́ ọrùn àdàbà yẹn ń dán, ojú rẹ̀ mọ́ roro. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà débẹ̀, èèpo ẹyin ni mo bá nílẹ̀. Àwọn kannakánná tó ń bà sórí páànù ti rí ohun tí mo ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àdàbà náà dúró sórí wáyà iná ní gbogbo ọjọ́ yẹn, ó kọjú sí igi. Àwọn àgbà ní kí ẹni tó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ kó tó yé mi.

Irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti dá ní ibi púpọ̀, ló bí òfin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ da àwọn ẹyẹ kan láàmú nínú ìtẹ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Àwọn ayàfọ́tò fúnra wọn kọ ìlànà tiwọn, ohun tó sì wà lókè pátápátá ni pé àlàáfíà ẹran ju fọ́tò lọ. Ẹ̀ka tó bá dí ọ lójú, fi okùn fà á sẹ́yìn, má gé e, kí o sì tú u bí o bá ti ń lọ. Ibùba, máa sún un mọ́ ìtẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, má gbé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya ohun inú igbó, NANPA, bẹ̀rẹ̀ ní 1994, àwọn náà ní ìlànà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ka ìlànà wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí mi ò rí òkú ẹyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí òkú ẹran tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Láti 1965 ni ìdíje tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ yìí, Wildlife Photographer of the Year, ti ń fún ẹni tó borí lẹ́bùn. Ní 2009, fọ́tò ìkookò kan tó ń fò kọjá géètì ló gbapò kìíní. Ọdún tuntun ò tíì jìnnà tí wọ́n fi gbà á padà, nítorí àwọn onídàájọ́ ní ó jọ pé ìkookò tí èèyàn ti tọ́ mọ́lé ni. Ní 2018, wọ́n tún yọ fọ́tò mìíràn kúrò, ti ẹran kan ní Brazil tó ń bọ̀ wá jẹ ikán lóru. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó jọ òkú ẹran tí wọ́n ki nǹkan bọ̀ nínú. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 150, ẹnì kan tún padà síbi tí àwọn tí kámẹ́rà wọn ò lè yára ti bẹ̀rẹ̀.

Ewu tiwa níhìn-ín yàtọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí ni Omo Forest wà, igbó ọba tí UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1977, erin ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. FUNAAB, yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa igbó àti ẹran inú rẹ̀. Fóònù tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa a máa kọ ibi tí a dúró sí mọ́ inú fọ́tò láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo odíderẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní 2016 pé kí òwò èyí tí wọ́n mú nínú igbó dópin. Ẹni tó bá gbé fọ́tò ìtẹ́ rẹ̀ síta pẹ̀lú orúkọ abúlé, ó ti júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń mú un tà. Mo ti ń yọ ibi tí mo wà kúrò nínú fọ́tò mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àní sí ọ̀rẹ́.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gà ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ yà. Ọ̀pẹ kan wà nítòsí odò tí wọ́n ti so ìtẹ́ mọ́ títí tí imọ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Akọ á já ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára imọ̀, èyí tó gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ, á fò lọ síbi ìtẹ́ rẹ̀, á dorí kodò, á fi ẹsẹ̀ kan di ìtẹ́ mú, á wá máa fi ẹnu ki ọ̀já náà bọ inú ihò, á fà á yọ lódì kejì, bí ìgbà tí èèyàn ń hun agbọ̀n. Bó bá ti parí, á máa gbọn ìyẹ́ rẹ̀ pìpìpì kí abo lè wá wò ó. Ariwo wọn ò lópin.

Ariwo yẹn ni mo fi ń wọn ẹsẹ̀ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rìn díẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kí n dúró, gbogbo igi náà sì dákẹ́ wẹ́lo, bí ìgbà tí wọ́n paná. Mo padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Mo jókòó sórí gbòǹgbò kan, mo gbé kámẹ́rà lé itan. Ó pẹ́ díẹ̀. Ọ̀kan ké. Òmíràn dá a lóhùn láti òdì kejì. Nígbà tí gbogbo ọ̀pẹ náà tún gba ariwo kan, mo gbé kámẹ́rà sójú.