Ribavirin àti ìpadà ibà Lásà lẹ́yìn ìtọ́jú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ibà Lásà jẹ́ àìsàn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ìlú Lásà ní Ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ lọ́dún 1969. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, pàápàá Ọ̀wọ̀, níbi tí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FMC ti ń tọ́jú àwọn tó ní in. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé, ohun tí ẹbí ń fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé kò ní padà wá mọ́?

Ribavirin ni oògùn tí wọ́n ń lò jù. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, fún nǹkan bí ọjọ́ 10, kí fáírọ́ọ̀sì má bàa máa bí sí i. Ìwádìí kan tó jáde láti Sierra Leone lọ́dún 1986 wo àwọn tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn burú. Lára àwọn tí kò rí oògùn gbà, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́, ìdá 5 péré ni. Àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìdá 26. Àwọn onímọ̀ kan ti tako bí wọ́n ṣe ṣe ìfiwéra náà, wọ́n sì ti fi oògùn mìíràn tó ń jẹ́ favipiravir wé ribavirin ní Ọ̀wọ̀ àti ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Síbẹ̀, ìjáfara ni ewu tó tóbi jù, nítorí ọ̀pọ̀ a ti kọ́kọ́ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, wọ́n á lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé ilé-ìwòsàn.

Kí ibà náà tún dìde lára ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ṣọ̀wọ́n, nítorí ara ti mọ bí yóò ṣe bá a jà. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ni fáírọ́ọ̀sì ń gbé. Ó lè wà nínú ìtọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 9, ó sì lè wà nínú àtọ̀ ọkùnrin fún oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò bá rí i mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún ọkùnrin tó ń lọ sílé pé kó máa lo kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ó yẹ kí ìyàwó rẹ̀ náà gbọ́ ọ láti ẹnu dókítà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ẹbí máa ń pè ní ìpadà àìsàn, tí kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ribavirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dín kù lára, kó sì máa rẹ ènìyàn. Etí dídi, tí àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń fà, ló burú jù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó yè ló ń ṣe, ì báà jẹ́ pé àìsàn náà kò le sí i. Ìyàwó á máa pe ọkọ láti ilé ìdáná, ọkọ kò ní dáhùn, àwọn ará ilé á sì rò pé inú ń bí i. Fún nǹkan bí ìdajì wọn, etí á tún máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù 1 sí 3.

Oògùn kò sì lé eku kúrò nílé. Eku Mastomys natalensis ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì yìí, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Láfún tí wọ́n sá sí etí títì ọ̀dà, tàbí gàárì tó wà nínú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni eku ń rìn kọjá lóru.