Ṣé Iyán Wà Nínú Èso àti Ewébẹ̀ Márùn-ún Òòjọ́? Ìbéèrè Lórí Ìdárayá àti Oúnjẹ Ọ̀fẹ́ ní Ìlú Ọba

Wọ́n ní parkrun, eré sísá àárọ̀ Sátidé inú ọgbà ìtura, ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Kí ni wọ́n ń rí jẹ níbẹ̀?

Ìfura yín kò burú. Gbogbo wa la ti rí "ọ̀fẹ́" tó ń béèrè nọ́ńbà káàdì báńkì. Èyí kì í ṣe irú ẹ̀. Paul Sinton-Hewitt ló dá a sílẹ̀ ní Bushy Park, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 2004. Èèyàn 13 péré ló sáré lọ́jọ́ náà. Títí dòní, láìgbowó làwọn tó ń ka aago àti àwọn tó ń darí èrò fi ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó sì gba báákóòdù tí ẹ ó máa mú dání. Ní England, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé ni, kìlómítà 5. Ó wà ní Peckham Rye, ó wà ní Burgess Park, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀ bí nǹkan míì.

Mi ò lè sáré. Ṣé wọn ò ní fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?

Ẹ rìn ín. Ẹnì kan wà tí iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kó máa rìn lẹ́yìn gbogbo èrò, nítorí náà ẹ ò lè ṣe ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ sísáré lẹ fẹ́ kọ́, áàpù Couch to 5K ti NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, wà: ọ̀sẹ̀ 9, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ sáré ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ẹ tún un ṣe.

Mo jẹ iyán lọ́sàn-án, mo jẹ dòdò lálẹ́. Inú ilẹ̀ ṣáà ni gbogbo wọn ti hù. Ṣé wọn ò sí nínú márùn-ún òòjọ́ ni?

Wọn ò sí níbẹ̀. NHS ní ká jẹ èso àti ewébẹ̀ tó ìwọ̀n 5 lójúmọ́, gíráàmù 80 ni ìwọ̀n kan, wọ́n sì dárúkọ iṣu, pákí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pé kí ẹnikẹ́ni má kà wọ́n mọ́ ọn. Ipò ìrẹsì àti búrẹ́dì ni wọ́n fi wọ́n sí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wọlé ní tiẹ̀. Kúkúndùkú náà wọlé, èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu.

Ibi tí àwa ti ń jàǹfààní ni ọbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti sè, ṣíbí ìjẹun 4 tó kún dáadáa, ìwọ̀n kan nìyẹn. Tòmátò àti tàtàṣé inú ọbẹ̀ wọlé, ilá wọlé. Ẹ̀wà wọlé, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́, ì báà jẹ́ abọ́ mẹ́ta lẹ jẹ. Ní tèmi, kò yẹ kéèyàn pa iyán tì. Òkèlè ni kó dín kù, kí ẹ̀fọ́ rírò pọ̀ sí i. Ẹ tún ṣọ́ iyọ̀: gíráàmù 6 ni kó pọ̀ jù fún àgbàlagbà lójúmọ́, èyí tó wà nínú Maggi sì wà nínú ìṣirò yẹn.

Áàpù Food Scanner ti NHS máa ń ka báákóòdù ara páálí, á sì sọ ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀. Ó dáa fún síríà àwọn ọmọ. Ẹ̀fọ́ inú láílọ́ọ̀nù tí ẹ rà ní Rye Lane kò ní báákóòdù, kò sì nílò rẹ̀.

Àyẹ̀wò ńkọ́?

Ní England, ẹni ọdún 40 sí 74 tí kò tíì ní àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn máa ń rí ìpè fún NHS Health Check lọ́dún márùn-márùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ o. BMI (ìṣirò bí èèyàn ṣe wúwo sí gíga rẹ̀) 30 ni wọ́n fi ń ka òyìnbó sí ẹni tó sanra jù, ṣùgbọ́n 27.5 ni fún àwa adúláwọ̀, torí pé ìtọ̀ ṣúgà tètè ń mú wa.

Mo lóyún, owó ò sì tó.

Bí oyún bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 10, tàbí tí ẹ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, tí ẹ sì ń gba irú owó ìrànwọ́ ìjọba kan, ẹ béèrè káàdì Healthy Start. Mílíìkì, èso, ewébẹ̀ àti ẹ̀wà gbígbẹ lẹ lè fi rà. Gààrí kò sí níbẹ̀.