Àlejò, Ìjọ Wo Lẹ Ń Lọ?

Iṣẹ́ mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni láti ran àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé lọ́wọ́. Ilé, iṣẹ́ àti ilé ìwé ọmọ ni wọ́n máa ń béèrè. Èmi náà á wá bi wọ́n pé ìjọ wo ni wọ́n ń lọ, ẹnu sì máa ń yà wọ́n.

Kì í ṣe tìtorí ìwàásù o. Ẹ dúró di ìgbà ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi. Akọ̀wé á ní kí àlejò dìde, kó sọ orúkọ àti ìlú rẹ̀. Bó bá ṣe dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹnìkan á ti ké láti ẹ̀yìn pé ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá òun. Kí wọ́n tó tú ká, ó ti mọ ẹni tó ní yàrá tó fẹ́ fi háyà àti ìyá tó ń wá ẹni tí yóò bá òun tajà ní ọjà Wàndó.

Ọ̀rọ̀ ìjọ àti àlejò yìí ti pẹ́ nílùú wa. Àjàṣẹ́ níbí ni Samuel Oshoffa, káfíńtà tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run sílẹ̀ lọ́dún 1947. Àwọn apẹja Ègùn ló gbé e dé Makoko l'Ékòó, níbi tí àwọn fúnra wọn ti jẹ́ àlejò. Ó ti dé Paris àti London báyìí. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó bá wọ ìjọ náà níbẹ̀ ò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ bàtà.

Ní ti àwọn ọmọ, Faransé ni wọ́n ń gbọ́ nílé ìwé, Gùn, èdè àwọn Ègùn, ni ti àdúgbò. Ìjọ tó ń kọrin ní Gùn àti Yorùbá ni mo máa ń júwe. Èyí tó jẹ́ ti ará ilé nìkan máa ń tuni lára, àmọ́ ó lè sé yín mọ́lé.

Ẹ má wá fi ìjọ ṣe ìjọba. Káàdì ìrìbọmi kì í ṣe ìwé ìbí. Ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ìbí sílẹ̀ ni kí ẹ ti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gbà yín láyè láti wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ lọ gba ìwé ìgbélùú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ kó pásípọ́ọ̀tù wá kí òun bá yín tọ́jú ẹ̀, ì báà jẹ́ wòlíì, fọ́tòkọ́pì ni kí ẹ fún un.