Kí ni 8.6.8.6 ń ṣe lókè orin inú ìwé orin?

Fídíò kan ń kiri: ẹgbẹ́ akọrin ń kọ ọ̀rọ̀ “Amazing Grace”, ṣùgbọ́n ohùn “House of the Rising Sun” ni wọ́n gbé e sí, orin ilé kan tó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin jẹ́. Inú bí àwọn kan, àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, ìbéèrè sì pọ̀.

Ṣé wọ́n yí ọ̀rọ̀ orin náà padà ni?
Rárá o.

Àwọn ló kọ́kọ́ dá a?
Bẹ́ẹ̀ kọ́. Blind Boys of Alabama, ẹgbẹ́ akọrin ìhìnrere ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú àwo ní 2001.

Báwo ló ṣe bọ́ sí i?
Ẹ fi ìka ka sílébù (ègé ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń pè é) inú ìlà kọ̀ọ̀kan “Amazing Grace”: 8, 6, 8, 6. Ìwọ̀n orin nìyẹn, òun náà ni ìwé orin ń pè ní C.M. (Common Metre). Tí ẹ bá rí L.M. (Long Metre), 8 lẹ́ẹ̀mẹrin ni, S.M. (Short Metre) jẹ́ 6.6.8.6. Ohùn tó bá gba C.M. kan lè gba òmíràn. Àwọn àgbà ìjọ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ìwé tí John Newton fi tẹ orin yìí jáde ní 1779 kò ní ohùn kankan nínú, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ọdún 1835 ni William Walker, olórin ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó mọ́ ohùn tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Ohùn tí a ń jà fún gan-an, àlejò ni.

Ìparí ìlà tó ń dún bákan náà ńkọ́?
“Sound” bá “found” mu, “me” bá “see” mu. Ó ń jẹ́ kí orin tètè wọni lórí. Ẹni tó bá ń túmọ̀ orin ru ẹrù mẹ́ta: ìtumọ̀, iye sílébù, àti ìparí tó jọra. Èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń já bọ́.

Kí ló dé tí ègbè fi ń padà wá ṣáá?
Kí ẹni tí kò ní ìwé lè bá wọn gbè é. Ẹ wo Sáàmù 136: ẹsẹ 26, gbogbo wọn ló parí sí “nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé”.

Ṣé èmi náà lè máa pààrọ̀ ohùn?
Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n iye sílébù nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ohùn tirẹ̀. Bí orin bá gòkè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ Nóà á di ọkọ́ Nóà. Ẹ kọ́kọ́ kọ ẹsẹ kan wò nílé.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?
Ẹ bi pásítọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ dùùrù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀.