Iye antibody kọ́ ló ń sọ bí thyroid ṣe bàjẹ́ tó

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò thyroid bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kì í sábà dúró lórí TSH tàbí T4, nítorí pé nọ́ńbà kéékèèké ni wọ́n. Ìlà ìsàlẹ̀ ló ń já a láyà, níbi tí wọ́n ti kọ 900 síwájú anti-TPO, ìyẹn antibody tó ń bá thyroid jà, nígbà tí ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé kò yẹ kó ju 35 lọ. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ òdì ti ń bẹ̀rẹ̀: pé bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ga tó ni àìsàn náà ṣe le tó, àti pé àfi kí a kọ́kọ́ mú un wálẹ̀ kí ara tó lè yá. Mo ti rí ẹni tó pa oògùn tó ń ṣe é lóore tì nítorí pé antibody rẹ̀ kò wálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí.

Thyroid ni ẹ̀yà ara tó rí bí labalábá ní iwájú ọrùn, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Hòmóònù T4 àti T3 tó ń ṣe ló ń darí bí ara ṣe ń lo oúnjẹ, bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ara ṣe ń móoru. Ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣọ́ ọ: bí T4 bá ń dín kù, yóò tú TSH sílẹ̀ púpọ̀ láti fi ta thyroid jí, bí T4 bá pọ̀ jù, yóò fà á sẹ́yìn. Nítorí náà, TSH, tó sábà máa ń wà láàárín 0.4 sí 4 lára àgbàlagbà, ni a fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ déédéé.

Antibody ní tirẹ̀ jẹ́ ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun ara ń rọ láti fi bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn Hashimoto, àwọn ọmọ ogun yìí ṣìnà, wọ́n sì dojú ìjà kọ onílé. Hakaru Hashimoto, dókítà ará Japan, kọ nípa rẹ̀ ní 1912, lẹ́yìn tó yẹ thyroid obìnrin mẹ́rin wò tó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti kún inú rẹ̀. Ó di 1956 kí Ivan Roitt, Deborah Doniach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní London tó rí antibody tó ń bá thyroid jà nínú ẹ̀jẹ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wọ inú thyroid lọ wọ̀nyẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ náà. Èéfín ni anti-TPO inú ẹ̀jẹ̀: bí a bá rí i, a mọ̀ pé iná ń jó, ṣùgbọ́n a kò lè fi èéfín ka iye yàrá tó ti jóná.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé àyẹ̀wò méjì ṣe àpẹẹrẹ. Lórí ti àkọ́kọ́, anti-TPO jẹ́ 900, TSH jẹ́ 2.1, T4 sì wà níbi tó yẹ. Lórí èkejì, anti-TPO jẹ́ 120 péré, ṣùgbọ́n TSH ti di 38, T4 sì ti lọ sílẹ̀. Ẹnì kejì yìí ni òtútù ń mú nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le, tí oorun kì í dá lójú rẹ̀, òun ló sì nílò levothyroxine, oògùn tó ń dípò T4. Àyẹ̀wò TSH lọ́dọọdún ló tọ́ sí ẹni àkọ́kọ́. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín 1988 sí 1994, ó lé ní ènìyàn 11 nínú 100 tí wọ́n bá anti-TPO lára wọn, thyroid ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èyí kò sọ antibody di ohun tí kò wúlò. Ní Whickham, ní àríwá England, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ará ìlú fún 20 ọdún, nínú 100 obìnrin tó ní antibody nìkan, bí 2 ni thyroid wọn ń rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí TSH wọn náà bá ti ga, ó lé ní 4. Antibody ń kìlọ̀ nípa ọjọ́ iwájú, ó sì ń sọ ohun tó fa àìsàn, ṣùgbọ́n TSH ni dókítà fi ń wọn oògùn, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá yí padà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbo àti oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Ọmọ ogun tó ń jó ilé ẹni, ṣé agbára ló kù tí a óò fi kún tirẹ̀? Ayodíìnì àpọ̀jù pẹ̀lú lè dá kún ìṣòro Hashimoto. Kódà biotin, irú fítámì kan tí àwọn ènìyàn ń lò kí irun àti èékánná wọn lè dára lè mú kí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ka TSH sí kékeré, kó sì ka T4 sí púpọ̀. Kí ẹni tó ń lò ó dá a dúró ní ó kéré tán ọjọ́ méjì kó tó lọ gba ẹ̀jẹ̀.

Ibì kan wà tí iye antibody ti ṣe kókó gan-an, ìyẹn nínú àìsàn Graves, níbi tí thyroid ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù. TRAb ni orúkọ antibody tirẹ̀, iṣẹ́ TSH ló sì ń ṣe: ó ń ta thyroid jí láìsinmi. Ó lè gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ inú oyún. Obìnrin tí wọ́n ti gé thyroid rẹ̀ kúrò lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn nítorí Graves ṣì lè ní i nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn lè mú kí T4 tirẹ̀ wà déédéé, kí thyroid ọmọ inú rẹ̀ sì máa sáré àsájù. Irú aláboyún bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn iṣẹ́ abẹ náà fún àwọn tó ń tọ́jú oyún rẹ̀, kí wọ́n lè wọn TRAb láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún.