Omidùn, Asẹ́ àti Kànga Abẹ́ Òkúta

Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga tuntun tán ní Abẹ́òkúta, ìdánwò àkọ́kọ́ ni ti gíláàsì. Wọ́n á bu omi náà sí i, wọ́n á gbé e kọjú sí oòrùn, ẹnì kan á tọ́ ọ wò. Bí ó bá mọ́ gaara, tí kò sì ta irin lẹ́nu, ó ti yege. Ó di omi mímu nìyẹn.

Ẹni tó bá gbà pé omi tó mọ́ gaara kò lè ní ohun alààyè nínú, kó lọ wo omidùn orí ògì ọjọ́ mẹ́ta. Ó tòrò, ògì ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò. Síbẹ̀, kí ló kan án? Kòkòrò àìfojúrí ni, wọ́n sì kún inú rẹ̀ ju bí èrò ṣe ń kún ọjà Kútọ̀ lọ. Ti inú omidùn ń ṣe wá lóore. Ti inú ṣaláńgá kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kò sì lè fi ìyàtọ̀ sí àwọn méjèèjì.

Orúkọ ìlú náà ti ṣàlàyé ìdajì bí omi ṣe ń dénú kànga. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta jókòó sí. Olúmọ kàn jẹ́ ibi tó ti yọrí ni. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló tẹ́ lọ sábẹ́ ilé àti oko títí dé àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá. Àpáta tó le kì í gba omi sára. Òkè rẹ̀ ni omi ń dúró sí, nínú yangí àti òkúta tó ti jẹrà di yanrìn, àti nínú àwọn ibi tí àpáta náà ti sán. Ibẹ̀ ni àwọn agbẹ́kànga ń wá.

Kí omi òjò tó dé ibẹ̀, ó ní láti gba inú ilẹ̀ kọjá, ilẹ̀ yìí sì ni asẹ́ wa. Díẹ̀díẹ̀ ni omi ń gbà á kọjá. Kòkòrò àrùn á lẹ̀ mọ́ ara yanrìn, ebi á pa á, tàbí kí kòkòrò mìíràn jẹ ẹ́; bí ìrìn náà bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn ò ní dé ìsàlẹ̀ láàyè. Kò gba iná, kò gba owó, kò gba àpọ́nlé. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó ń fọ omi, òun ló gbọ́n jù.

Àmọ́ ẹ bi ìyá ológì. Bí asẹ́ bá ya níbì kan péré, bí èékánná, eèrí á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ògì, kò sì sí bí ìyókù aṣọ náà ṣe lè dára tó tí yóò gbà wá sílẹ̀. Ibi tí àpáta ti sán jẹ́ ibi tí asẹ́ ti ya. Ibi tí ilẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lórí àpáta, asẹ́ ti gbó níbẹ̀. Kànga fúnra rẹ̀ wá ni ihò tó tóbi jù, àwa la sì fi ọwọ́ ara wa dá a lu. Òjò àkọ́rọ̀ tó bá gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá sí ẹnu kànga tí kò ní kọnkéré yíká kò ní í rìn fún ọ̀sẹ̀ kankan. Ìṣẹ́jú kan ti tó o. Ìfami tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí ẹrẹ̀ tí wọ́n tún jù padà sínú omi kò tilẹ̀ dúró de òjò.

(Ìdérí kànga ń ṣe ju kó dáàbò bo omi lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ kékeré nílé mọ̀ ọ́n. Ẹni tó sì bá ń gbé ẹ̀rọ elépo sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga láti gbọ́n ọn, kó rántí pé afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń pa agbẹ́kànga níbi tó dúró sí.)

Òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé kí kànga jìnnà sí ṣaláńgá tó mítà 30. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wọn pulọ́ọ̀tì: 60 ẹsẹ̀ bàtà níbùú, 120 lóròó, ìyẹn bíi mítà 18 níbùú, mítà 37 lóròó. Bí baálé ilé bá gbìyànjú tó gbẹ́ kànga sí iwájú, tó gbé sọ́kàwéè sí ẹ̀yìn, kànga rẹ̀ lè wà ní mítà mẹ́rin péré sí sọ́kàwéè aládùúgbò. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ fẹ́ǹsì. Àléébù ètò yìí gan-an nìyẹn: olúkúlùkù ló ń dá kànga tirẹ̀ ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé inú àwo kan náà ni gbogbo àdúgbò ti ń mu.

Ó ṣeé ṣe kí sòbìyà wà lára ohun tó kọ́ wa láti gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Nígbà tí sòbìyà ṣì ń jáde lẹ́sẹ̀ àwọn ará oko, aṣọ asẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n fi sẹ́ omi, ó sì ṣiṣẹ́: ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ṣe é ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013. Kòkòrò omi tó ń gbé ọmọ sòbìyà tó mílímítà kan sí méjì, aṣọ lè dá a dúró. Ti taifọ́ọ̀dù yàtọ̀. Bí a bá to bíi 500 nínú wọn tẹ̀léra, wọn ò ní gùn ju kòkòrò omi kan ṣoṣo lọ. Aṣọ ò mọ̀ pé wọ́n kọjá.

Álọ́ọ̀mù náà ń tanni bẹ́ẹ̀. Ó ń kó ẹrẹ̀ jọ, ó ń fà á sísàlẹ̀, ó tilẹ̀ ń fa kòkòrò díẹ̀ mọ́ ọn, omi á sì tòrò bí omidùn. Kì í pa èyí tó kù. Kiloríìnì ló ń pa á, ṣùgbọ́n lébìrà tí ebi ń pa ni kiloríìnì: bí ó bá bá ẹrẹ̀ nínú omi, ẹrẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ, yóò sì yó kó tó kan kòkòrò. Ìdí nìyí tí iléeṣẹ́ tó ń fọ omi odò fi ń fi álọ́ọ̀mù ṣáájú, yanrìn á tẹ̀ lé e, kiloríìnì á wá kẹ́yìn. Nílé náà, kí omi tòrò ná, kí kiloríìnì tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ tí mímọ́ gaara wà fún nìyẹn: ó ń pa ilẹ̀ mọ́ de òṣìṣẹ́ tó ń bọ̀.

Ẹni tí kò ní kiloríìnì lè se omi rẹ̀. Bí ó bá ti hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kòkòrò ti kú. Ohun kan ṣì kù tí iná kò ká: náítíréètì, iyọ̀ tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jò wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá ti kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, omi náà kò yẹ fún pípo mílíìkì ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa. Bí ìyá rẹ̀ bá sì ń sè é títí kó lè túbọ̀ dá a lójú, ṣe ló ń le sí i, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná.